Nítorí Ṣílè Tí O Bò sí Ìsàlẹ̀ Abọ́ Ìyá Tàwá

Sàkírá mi, ọmọ tí mo pọ̀n kiri gbogbo ọjà Àjàṣẹ́,

Mo ti kọ ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti ya á. Inú ń bí mi nígbà tí mo kọ ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ korò ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ. Mo dìde, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun, mo tún wá jókòó ti bébà àti bíìkì ìkọ̀wé. Inú mi kò tíì dùn o, àmọ́ ó ti rọlẹ̀ díẹ̀. O mọ̀ mí. Bí ojú ọjọ́ etí òkun Sèmè tí o ń gbé báyìí ni inú mi ṣe rí láti ìgbà ọmọdé: oòrùn ń ràn, kí ẹ tó ká aṣọ, òjò ti dé.

Má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ekóòlù, mo sì sá kúrò níbẹ̀ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìwé Yorùbá yìí, lọ́dọ̀ ìyá kan tó wá láti Ọ̀yọ́, tó gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ tiwa, ni mo ti kọ́ ọ. Èmi ń bá a pọn omi, òun ń fi èédú kọ ọ́ sára ògiri fún mi. Nítorí náà, bí àmì bá sọnù níbì kan, fi tìrẹ sí i, kí o máa kà á lọ.

Ìdí tí mi ò fi fi vokáàlì dá ọ lóhùn, bí ìwọ ṣe fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ni pé ohùn tó bá ti wọ inú pọ́táàbù, gbogbo agbo ilé ló ń gbọ́ ọ, pàápàá nílé ọkọ. Ìwé kì í pariwo. Wásíù ọkọ rẹ ni mo fi rán. Ìwé náà wà nínú gèlè aró tí mo dì, pẹ̀lú nǹkan kékeré kan tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

Mo ti gbọ́ ohun tí o sọ débi pé mo lè kà á lórí. O ní: "Màmá, mo ti rí i! Ṣílè ọlọ́pẹ ni, funfun ni, lẹ́tà kékeré yẹn wà lábẹ́ ọ̀pẹ gan-an bí ẹ ṣe máa ń sọ. Inú abọ́ owó àtijọ́ tí Ìyá Tàwá ń tà ní iye kan náà ló wà. Mi ò tíì rà á o! Mo ti tì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fi àwọn kọ́bọ̀ oníhò bò ó. Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Tàwá ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan, ọmọ rẹ̀ ló máa jókòó ti ọjà, ìyẹn kò sì mọ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni màá lọ rà á. Ẹ bá mi ṣe àdúà." Lẹ́yìn náà o rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló lé mi dìde. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́kọ́ rín in.

Sàkírá, omi tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ wọlé ọkọ kò tíì gbẹ nílẹ̀. Ìyá Tàwá kì í ṣe ẹni tí a pàdé lọ́jà kan ṣá. Àbúrò ìyá ọkọ rẹ ni. Ní Kraké, ní Sèmè níbẹ̀, ìkòkò kan náà ni ẹ fi ń sebẹ̀, okùn kan náà ni ẹ ń sá aṣọ lé. Bí ẹnì kan bá rí ọwọ́ rẹ nísàlẹ̀ abọ́ yẹn, kò sí ẹni tó máa sọ pé ìyàwó Wásíù mọ owó àtijọ́ wò. Ohun tí wọ́n máa sọ, o mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi ọwọ́ mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe. O fẹ́ ìsọ̀ tìrẹ lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ti ń sọ̀ ẹrù kalẹ̀, kí o má máa nawọ́ sí ọkọ kí o tó ra ọṣẹ. Kò burú rárá. Bí o ṣe máa débẹ̀ ni mò ń bá ọ sọ.

Èkínní, mo yìn ọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́, torí ẹni tí kò mọṣẹ́ kò lè rí ohun tí o rí. Àwọn òyìnbó tó jẹ gàba lé Èkó láyé àtijọ́ ló ṣe ṣílè yẹn, àwọn baba wa tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́ ló kó o dé ìhín. Ọ̀pẹ ni wọ́n yà sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jẹ́ idẹ, díẹ̀ jẹ́ fàdákà. Nínú àwọn fàdákà, àwọn kan ní lẹ́tà lábẹ́ ọ̀pẹ tó kéré ju ojú kòkòrò lọ, nínú àwọn wọ̀nyẹn náà, èyí tí ọdún rẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n ni àwọn tó ń tọ́jú owó àtijọ́ ń wá kiri bí ẹní wá ọmọ tó sọnù. Ìtàn yìí ni mo fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún nígbà tí o bá ń sunkún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń gbọ́ ti ìjàpá, ìwọ ń gbọ́ ti lẹ́tà abẹ́ ọ̀pẹ.

Mo kọ́ ọ pé kí o jù ú sórí òkúta kí o gbọ́ bó ṣe ń dún. Fàdákà á pẹ́ kí ó tó dákẹ́, idẹ á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á panu mọ́. Mo kọ́ ọ pé kí o dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí oòrùn, kí òjìji fi ohun tí ojú kò rí hàn ọ́. Mo kọ́ ọ pé kí o má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o láé, bí ó ti wù kí ó dúdú tó, torí ẹni tó máa rà á fẹ́ awọ ara rẹ̀, kò fẹ́ kí ó máa dán. Mo kọ́ ọ pé ojú kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ọwọ́ rí.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyẹn. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń pa ojú mọ́. Mi ò kọ́ ọ ibi tí pípa ojú mọ́ ti parí, tí nǹkan mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa rí, àní bàbá rẹ, kí Ọlọ́run forí jìn ín.

Oyún rẹ ló wà nínú mi. Àlímì bàbá rẹ ń ránṣọ níwájú ilé, èmi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà. Ìsọ̀ Bàbá Lámídì wà lẹ́bàá ọjà àtijọ́ nígbà náà. Arúgbó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fi ikọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Owó àtijọ́ ló ń tà, pẹ̀lú ẹ̀gbà àti ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó mọ iyì rẹ̀ wà lábẹ́ díńgí lórí tábìlì, èyí tí kò ráyè wò, ó ń jù ú sínú àpótí pákó kan nílẹ̀. Iye kan náà ni gbogbo ohun inú àpótí yẹn. Iye yẹn kò ju ti àwo ìrẹsì kan lọ.

Àpótí yẹn ni mo fi ṣe ọ̀rẹ́. Nígbà tí ikùn mi ti tóbi tí n kò lè lóṣòó mọ́, ńṣe ni mò ń na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, màá gbé àpótí sáàárín itan.

"Ìyàwó Àlímì, o tún ti dé?" Bàbá Lámídì á wúkọ́. "O wá bá mi ṣa òkúta inú ìrẹsì?"

"Ẹ kú ọjà, bàbá. Mo kàn ń wò ni."

"O ti wo àpótí yìí títí, ojú ti ń tì í. Ṣọ́ra o, kí ọmọ inú yẹn má lọ dé ayé kí ó máa béèrè ṣílè dípò ọmú."

Gbogbo ìsọ̀ á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rín. Nígbà oyún rẹ, ẹ̀rín kì í wá sí mi lẹ́nu, mi ò mọ ìdí. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú ara mi yá ni eruku inú àpótí yẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkùnrin kan tó wá láti Kútọnu jókòó lọ́dọ̀ bàbá, ó so lúùpù, díńgí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, mọ́ ọrùn, ó ń yẹ àwọn ti abẹ́ díńgí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mò ń tú àpótí tèmi jẹ́jẹ́. Ọwọ́ mi kan ọ̀kan. Mo yí i padà, ọ̀pẹ. Mo dà á sí oòrùn, funfun. Mo fi èékánná yọ ìdọ̀tí abẹ́ ọ̀pẹ, lẹ́tà wà níbẹ̀. Mo wo ọdún rẹ̀. Ọmọ inú mi tàpá, bí ẹni pé ìwọ náà rí i.

Gbọ́ mi dáadáa o. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó wà ní ìdí ìró mi, mo so ó ní kókó. Ká ní mo na ṣílè yẹn sókè, kí n ní, "Bàbá, màá mú èyí," ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ mo wo ọkùnrin onílúùpù yẹn. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí mo bá gbé e sókè, òun náà á fẹ́ wò ó, bí ó bá wò ó, á sọ̀rọ̀, bí ó bá sọ̀rọ̀, Bàbá Lámídì á yí ohùn padà. Mo gbé bébà tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, mo ti ṣílè náà sábẹ́ rẹ̀, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ bébà náà bí ẹni tẹ́ ibùsùn ọmọ. Mo ra idẹ kan kí ojú má baà tì mí. Mo ní ọ̀la ni màá padà wá.

Mo rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà délé. Ẹ̀rín tí mo gbọ́ nínú vokáàlì rẹ gan-an ni.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwọ ti ń kanlẹ̀kùn. Wọ́n bí ọ, wọ́n nù ọ́, wọ́n gbé ọ lé mi láyà. Wọ́n ní kí n wo ojú rẹ. Ojú rẹ ni mò ń wò, Sàkírá, lẹ́tà abẹ́ ọ̀pẹ ni mò ń rí. Mo kọ èyí sílẹ̀ torí mi ò lè wí i lẹ́nu.

O mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó bímọ nílé wa. Wọn kì í jẹ́ kí ó yọjú síta títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Omi gbígbóná ní àárọ̀, omi gbígbóná ní alẹ́, ìyá àgbà rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí oníbodè. Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n ra okùn ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà. "Okùn wo?" ni ó wí. "Èyí tí o fi so ara rẹ mọ́lé kò tíì já." Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, bàbá rẹ tú bébà kan, yẹtí kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó ti lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀, òun tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n rà. Ó ń sọ fún gbogbo àlejò, "Fàdákà gidi ni o, kì í ṣe pańda." Mo ní ó ṣeun. Ọkàn mi wà lábẹ́ bébà inú àpótí.

Ọjọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀, mo pọ̀n ọ́, ó di ìsọ̀ Bàbá Lámídì. Àpótí kò sí níbẹ̀.

"Háà, ìyàwó Àlímì, o ti bímọ!" ni ó wí. "Abájọ tí àpótí mi fi sinmi. Mo ti tà á o, àti àpótí àti ohun inú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ fàdákà tó wà lọ́nà Houinmè ló kó o. Kò pẹ́ tí o lọ ló wá."

Mo gun alùpùpù zẹ́mìjàn. Ara mi kò tíì le, gbogbo gẹ́gẹ́lẹ́ ọ̀nà ń wọ̀ mí léegun. Mo bá alágbẹ̀dẹ náà níbi tó ti ń fẹ́ iná.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ṣílè ọlọ́pẹ tí ẹ rà lọ́wọ́ Bàbá Lámídì ńkọ́?"

"Idẹ ló kù níbẹ̀ yẹn. Mú èyí tó wù ọ́."

"Àwọn funfun ni mò ń wí."

"Mo ti yọ́ wọn. Ìkòkò kan náà ni mo kó gbogbo wọn sí." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀kan tilẹ̀ wà lábẹ́ bébà. Mi ò bá má rí i, ìgbà tí mo fi àpótí dáná ni mo gbọ́ tó jábọ́."

Mo ní, "Kí lẹ wá fi wọ́n ṣe?"

Ó gbójú sókè báyìí. Ó wò mí, ó wo èjìká mi, ó sì fi ẹ̀mú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nàka sẹ́yìn mi. "Ṣé kì í ṣe ìyàwó Àlímì aránṣọ ni ọ́? Òun ló ra àkọ́kọ́ tí mo rọ nínú rẹ̀. Wò ó létí ọmọ rẹ. Ó mà kúkú bá a mu o."

Mi ò sunkún. Ìbá sàn ká ní mo sunkún. Mo délé, mo bọ́ yẹtí náà létí rẹ, mo jù ú sínú agolo wàrà, mo dé e. Inú bí mi sí etí ọmọ mi. Ǹjẹ́ o ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ọmọ kò mọ nǹkan kan, ó ń mu ọmú, èmi ń wo etí rẹ̀ bí ẹni wo olè.

Bàbá rẹ bi mí pé kí ló dé tí ọmọ kò wọ yẹtí mọ́. Mo purọ́ fún un, mo ní etí rẹ̀ ń wú. Ó jáde, ó ra òrí wá. Láti ọjọ́ náà, kí ó tó jókòó ti ẹ̀rọ ní àárọ̀, á kọ́kọ́ gbé ọ lé itan, á fi ìka tó le bí pákó yẹn pa òrí sí ọ létí, díẹ̀díẹ̀, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Etí tí kò ṣe nǹkan kan! Mo wò ó títí, mi ò lè wò ó mọ́. Mo ṣí agolo, mo fi yẹtí rẹ padà. Ó ní, "O rí i? Òrí yẹn dáa." Mo ní, "Ó dáa."

Ohun tó kù ni mo fẹ́ kí o dì mú jù.

Nígbà tó yá, mo padà lọ bá Bàbá Lámídì. Mo ní, "Bàbá, ọ̀kan wà lábẹ́ bébà inú àpótí yín. Èmi ni mo fi í síbẹ̀." Mo sọ irú èyí tó jẹ́ fún un.

Ó tilẹ̀ gbàgbé láti wúkọ́. Ó ní, "Ṣé owó kò sí lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà ni?"

"Ó wà, bàbá."

"Ṣé mo ti yí ọ̀rọ̀ àpótí padà mọ́ ọ lọ́wọ́ rí?"

"Rárá, bàbá."

"Gbogbo àwa tó ń ta owó àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ la mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀: ohun tó bá ti wọ àpótí, a ti tà á. Bí wúrà bá wà níbẹ̀, iye yẹn ni. Mo ní ojú, mo ní lúùpù, èmi ni mo yàn láti má wò ó. Ẹni tó wá inú eruku ló ni í. O ò bá nà án sókè kí gbogbo ayé rí i, màá kí ọ kú oríire, màá sì fi ojú burúkú wo ara mi títí di alẹ́. Kí ló wá dé tí o bò ó, ọmọ mi?"

Ó ti kú, mi ò sì tíì rí èsì náà.

Ìbéèrè tó bi mí ni mò ń bi ọ́, Sàkírá. Kí ló dé tí o bò ó?

Èkejì nìyí, tàbí ẹ̀kẹta, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ohun tí o rà, tìrẹ ni. Ohun tí o fi sílẹ̀, ti ẹni tó ni í ni. Èyí tí o bò mọ́lẹ̀ kì í ṣe tìrẹ, o sì ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni í. Ó ti di ti ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ da abọ́ nù. O rò pé o fi pamọ́ fún ara rẹ. Iná alágbẹ̀dẹ ni mo fi tèmi pamọ́ fún.

O máa bi mí, mo gbọ́ ohùn rẹ: "Màmá, bí ọ̀rọ̀ àpótí kì í bá yí padà, kí ni mo ṣe tó burú? Kí n kúkú rà á ní iye abọ́, kí n dákẹ́." Èmi náà ti rò ó. Ká ní abọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ ni, mo máa ní rà á, san owó rẹ̀ lójú rẹ̀, máa lọ. A kì í bú ẹni tó jí lọ sóko kó tó rí olú. Àmọ́ ọdẹ tó gbọ́n kì í dẹ tàkúté sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, torí ẹsẹ̀ ọmọ ilé ni yóò mú. Ìyá Tàwá kò ní lúùpù. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, ìwọ lo sọ fún mi pé o ń bá a fi okùn sí ojú abẹ́rẹ́. Ojú tí o ń yá a láti fi okùn sábẹ́rẹ́, ojú kan náà ni o fi rí ṣílè yẹn. Má yá a fún un ní àárọ̀ kí o gbà á padà ní ọ̀sán.

Nítorí náà, má dúró de ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, lọ bá a nígbà tó bá wà lórí ìjókòó. Kúnlẹ̀ kí i. Ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ abọ́ lójú rẹ̀, fà á yọ, fi lé e ní àtẹ́lẹwọ́. Sọ fún un pé, "Màmá, mo rí èyí, mo sì bò ó. Ohun tó jẹ́ rèé." Má fo ọ̀rọ̀ "mo bò ó" yẹn. Òun ló wúwo jù, òun náà ló sì máa ṣí ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, panu mọ́. Jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀.

Ó lè ní, "Mú un, iye abọ́ ni." Ó lè ní kí ẹ jọ tà á, kí ẹ pín in. Ó sì lè ká a mọ́ ọwọ́, kí ó so ó mọ́ ìdí ìró, kí o má rí i mọ́ láé, kí ìsọ̀ tí o ń fọkàn kọ́ wó lulẹ̀ níbẹ̀. Mi ò ní tàn ọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí lè ṣẹlẹ̀. Òtítọ́ kì í sábà mú owó dání lọ́wọ́ nígbà tó bá dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí i dáadáa, dìde, lọ bá a gbé omi lé iná. Àpótí pọ̀ ní Kraké. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń rékọjá bodè ń da ẹrù sílẹ̀, ojú rẹ sì mú. Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Sọ fún Wásíù pẹ̀lú. Má jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èmi fi tèmi pamọ́ fún bàbá rẹ títí ilẹ̀ fi bò ó, ó sì ń dùn mí ju ṣílè lọ pé kò mọ ohun tó rà fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ká ní ó mọ̀ ni, á ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pa gbogbo àdúgbò. Mo fi ẹ̀rín yẹn dù ú.

Nǹkan kékeré tó wà nínú gèlè, lúùpù mi ni. Mi ò rí ojú lò ó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí o bá ti fi ṣílè náà sí ọwọ́ Ìyá Tàwá, fi lúùpù náà sí ọwọ́ kejì rẹ̀. Mú un lọ sínú oòrùn, bá a di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú kí ó má gbọ̀n, jẹ́ kí òun náà rí lẹ́tà abẹ́ ọ̀pẹ. Ẹni tó jẹ́ pé òun ló ni nǹkan yẹ kí ó rí i lẹ́ẹ̀kan.

Kí o sì wọ yẹtí rẹ lọ. Má bi mí ìdí.

Nígbà tí o wà ní kékeré, tí o bá ti sùn lọ́sàn-án, mo máa ń mú lúùpù yìí, màá tẹ̀ sórí rẹ, màá máa wá lẹ́tà kékeré yẹn kiri inú fàdákà etí rẹ, bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Mi ò rí i rí. Ohun tí mo máa ń rí ni ihò kékeré tó wà létí rẹ, tó jinná dáadáa, tó ń dán, torí òrí bàbá rẹ.

Èmi ni, Múníràtù, ìyá tí o kanlẹ̀kùn fún tí kò tètè ṣí.